Pípàgọ́ lẹ́bàá òkè nígbà ọyẹ́: níbo ni ká sùn, kí la ó tẹ́ sílẹ̀?

Ọmọ_Ìyàrá
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa fẹ́ lọ pàgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan nítòsí Ògìdì, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kìíní. Èèyàn 12 ni wá, obìnrin 5, ọkùnrin 7, òru 3 la fẹ́ lò. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́, àgọ́ aláṣọ 4 tí a lè yá, ká pa wọ́n sórí àpáta. Èkejì, àbà kan tí olóko rẹ̀ ní ká lò, ògiri amọ̀, òrùlé koríko. Ẹ̀kẹta, gbọ̀ngàn ilé-ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, ká máa sùn síbẹ̀, ká sì máa gòkè lójúmọmọ. Àwọn kan nínú wa ní ká gbé adògán eléèédú wọnú àgọ́ fún ooru. Bágì píọ́ wọ́tà 6 la ti kọ sílẹ̀. Èwo ni kí á mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀
Òkun o, àbúrò. Kí àwọn yòókù tó dá yín lóhùn, ẹ yọ adògán kúrò nínú ètò yín. Èédú tó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, òun gan-an ló ń tú carbon monoxide jáde. Kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú, kì í ta imú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀ lọ, á gba àyè tó yẹ kí oxygen wà. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á kọ́ ọ, èébì lè máa gbé e, oorun á sì gbé e lọ. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò ní lè dìde mọ́. Sítóòfù kẹrosíìnì àti gáàsì náà kò gbọdọ̀ wọlé. Tí ẹ bá gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, ọ̀nà jíjìn sí ibùsùn ni kí ó wà.

Brigade_Mọ̀pà
Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ sílẹ̀, tí a fi adògán mú inú rẹ̀ gbóná fún bí ìṣẹ́jú 20, tí a sì gbé e jáde kí ẹnikẹ́ni tó sùn, ṣé kò ní dáa bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀
Kò dáa o. Ẹni tí òtútù ń mú kì í rántí gbé iná jáde, oorun á ti dé kí ó tó rántí. Aṣọ àgọ́ náà ọ̀rá ni, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lè yọ́ ọ, kó sì gbiná. Èwo wá ni èrè rẹ̀? Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í gba ooru dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí adògán bá jáde, inú àgọ́ á ti tutù bíi ti ìta. Ìgò rọ́bà tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ni kí ẹ rà. Ẹ rọ omi sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde kí ẹ tó dé e, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀. Ẹ má da omi híhó sínú ìgò omi lásán, á rọ̀, á sì jò sí yín lára.

Tíṣà_Ìsánlú
Ibi tí ẹ bá pàgọ́ sí ṣe pàtàkì ju irú àgọ́ lọ. Ní agbègbè wa, ọ̀sán oṣù kìíní lè gun ìwọ̀n 33 tàbí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí òru ọjọ́ kan náà wálẹ̀ sí 18, tàbí kó dín sí i lẹ́bàá òkè. Ẹni tó ti làágùn lọ́sàn-án ló wá ń gbọ̀n ní ìdájí.

Ẹ wò ó báyìí: lóru ọyẹ́, kò sí ìkùukùu tó máa dá ooru ilẹ̀ dúró. Ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á fò lọ sókè, afẹ́fẹ́ tó kan ilẹ̀ á tutù, á wúwo, á sì máa ṣàn wálẹ̀ bí omi títí á fi kó jọ sí àfonífojì àti ẹsẹ̀ òkè. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń tutù jù kí ilẹ̀ tó mọ́. Téńté òkè ní tirẹ̀, ẹ̀fúùfù ló wà níbẹ̀. Àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni kí ẹ wá, níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú díẹ̀, tí igi eléwé sì wà lórí yín. Ewé igi máa ń dá ooru ilẹ̀ padà. Ẹ wo òkè igi náà dáadáa o, ẹ̀ka gbígbẹ máa ń já lójijì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀fúùfù ọyẹ́, láti Sàhárà ló ti ń bọ̀, àríwá ìlà-oòrùn ló ń gbà wá. Ẹ kọ ẹnu àgọ́ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn kí eruku má baà máa wọlé tààrà.

Ní ti àpáta tí ẹ fẹ́ sùn lé, ó máa ń tan èèyàn. Títí di nǹkan bí agogo 10 alẹ́ á ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lé e á sọ pé òun kò nílò ẹní. Nígbà tó bá fi máa di agogo 4 ìdájí, àpáta yẹn kan náà á máa fa ooru kúrò lára rẹ̀. Èèkàn àgọ́ kò sì lè wọlẹ̀ níbẹ̀.

Brigade_Mọ̀pà
Èèkàn kì í ṣe wàhálà, Tíṣà. Ẹ so okùn àgọ́ mọ́ igi kúkúrú kan, gígùn bíi ti apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Ẹ gbé igi náà sílẹ̀ ní ìbú, kí ẹ wá gbé òkúta tó tó orí àgbàlagbà lé okùn níwájú igi náà, ní ìhà àgọ́. Bí ẹ̀fúùfù bá ń fa okùn, igi á há mọ́ ìdí òkúta. Èyí tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn so okùn mọ́ òkúta ńlá fúnra rẹ̀, nítorí etí òkúta á máa ge okùn títí á fi já.

Àpáta náà ní àǹfààní tí ẹ kò dárúkọ: kò sí koríko lórí rẹ̀, iná ìgbẹ́ kò lè jó gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà ọyẹ́, èmi á mú àpáta ju abẹ́ igi lọ nítorí ìyẹn nìkan.

Ọdẹ_Bùnú
Òkun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ iná tí Brigade sọ yẹn ló jẹ mí lógún jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ààbò ṣáájú.

Ọmọ Ìyàrá, lọ yọ orúkọ ìlú àti ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ kúrò nínú ohun tí o kọ sókè yẹn. Ẹ yí ọjọ́ náà padà pẹ̀lú. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìjínigbé tó wà nílẹ̀ yìí, èèyàn kì í kéde ibi tí ọ̀dọ́ 12 máa sùn sí kó tó lọ. Ibikíbi tó bá wù kí ẹ lọ, ẹ kọ́kọ́ dé ààfin ọba ìlú náà, ẹ rí olórí ọdẹ àti àwọn fijilánté. Ẹ kọ orúkọ gbogbo yín, nọ́ńbà fóònù ìdílé, ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ máa kúrò, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní ibì kan kò yẹ ní sísùn lásìkò yìí, ẹ má jiyàn. Ẹ bèèrè igbó ìmọlẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá nítorí àwọn obìnrin tó wà láàárín yín. Ibòmíràn wà tí àlejò kì í wọ̀, ibòmíràn sì wà tí ó ní àkókò.

Iná wá kàn. Láti oṣù kejìlá wọ oṣù kejì ni wọ́n ń sun ìgbẹ́, nítorí ẹran àti nítorí oko. Ẹ bi olórí ọdẹ léèrè ìhà tí wọ́n ti sun àti ìhà tí wọn kò tíì sun. Ibi tí iná ti jó kọjá ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló dáa jù láti pàgọ́ sí. Eérú á máa kù, aṣọ á dúdú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí iná máa jẹ mọ́ níbẹ̀. Bí iná bá dìde lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má sá gòkè o. Iná máa ń yára gun òkè ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbà, ẹ forí lé ibi tó ti jó tàbí orí àpáta gbalasa.

Tíṣà, ẹnu ọ̀nà tí ẹ ní kí wọ́n kọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó dáa fún ọ̀sán. Lóru tí ẹ̀fúùfù bá rọ̀, afẹ́fẹ́ tútù tí ẹ̀yin fúnra yín sọ á máa ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Bí òkè bá wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọn, ojú ilẹ̀kùn gan-an ló máa bá. Kí wọ́n kọ ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ òkè, kó má dojú kọ òkè, kó má sì dojú kọ àríwá.

Tíṣà_Ìsánlú
Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Òótọ́ lẹ sọ. Bí òkè bá wà ní ìhà ibẹ̀, gúúsù ìlà-oòrùn ni kí wọ́n kọ ọ́ sí, kó lè fi ẹ̀gbẹ́ sí òkè.

Ọmọ_Ìyàrá
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. A ti yí ọjọ́ àti ibi náà padà, a ò sì ní kọ ọ́ síbí mọ́. Àbà ńkọ́? Ògiri rẹ̀ nípọn, mo rò pé òun ló máa lọ́wọ́ọ́rọ́ jù.

Ọdẹ_Bùnú
Òun ló máa lọ́wọ́ọ́rọ́ jù lóòótọ́. Ògiri amọ̀ máa ń tọ́jú ooru ọ̀sán di òru. Ṣùgbọ́n kí ni olóko kó síbẹ̀? Bí ọkà tàbí àgbàdo bá wà nínú rẹ̀, eku wà níbẹ̀, ibi tí eku bá sì wà, ejò ń bọ̀. Àkéekèé máa ń wà nínú koríko òrùlé àti abẹ́ igi ìdáná. Ẹ kó ohun gbogbo jáde lọ́sàn-án, ẹ fi ọ̀pá gún òrùlé láti inú, ẹ gbá ilẹ̀ títí dé ìdí ògiri. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kí ẹ ta, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní yíká. Ẹ̀fọn kò pọ̀ nígbà ọyẹ́, nítorí ohun tó lè jábọ́ láti òkè ni mo fi sọ ọ́. Bàtà, inú ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu ni kó sùn. Kí ẹnikẹ́ni má dáná nínú rẹ̀, koríko òrùlé ọdún yìí ti gbẹ kanrangandan.

Ìyá_Ẹlẹ́ní_Kàbà
Ẹ kú àṣàrò o, ẹ̀yin ọmọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ ó máa kó kiri, ohun tó wà lábẹ́ yín ló sì ń fi òtútù pa yín. Bí ẹ bá bo ara yín ní ìlọ́po mẹ́rin, tí ẹ tẹ́ ẹní kan ṣoṣo, ilẹ̀ á fa ooru yín tán.

Tapólì ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́. Lẹ́yìn náà, àpò ìrẹsì oníkìlò 50 tó ṣófo, méjì fún ẹnì kan, ẹ ki koríko gbígbẹ tàbí háríhá àgbàdo sí i títí ó fi ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ lé e, á fún dé ìdajì. Ẹ má ki pòròpórò ọkà-bàbà sí i, á gún yín. Ẹ sá koríko náà sóòrùn ní ọ̀sán kan gbáko, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa nítorí ẹ̀gbọn. Ẹní á wá gorí rẹ̀. Fún ìbora, kíjìpá ni mo fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n hun nípọn, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Àwọn ahunṣọ wà ní Bùnú àti ní Ìjùmú, ẹ kò ní wá a tì.

Bẹ́ẹ̀dì aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fọn, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Afẹ́fẹ́ tútù ló máa wà nínú rẹ̀ mọ́jú.

Aṣọ tí ẹ fi gòkè, tó ti mu òógùn, ẹ bọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ wọ gbígbẹ, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà pẹ̀lú. Kí àwọn obìnrin má sì dá sùn káàkiri, ẹni mẹ́ta nínú àgọ́ kan á mú ara wọn gbóná.

Brigade_Mọ̀pà
Mà, àpò 24 tó kún fún koríko, ta ló máa rù ú gun òkè? Páálí fíríìjì tó àmúlò. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta lábẹ́ fóòmù oní-íǹṣì 1, á dá òtútù ilẹ̀ dúró, ó fúyẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ. Koríko inú àgọ́ tún jẹ́ oúnjẹ iná.

Ìyá_Ẹlẹ́ní_Kàbà
Páálí dáa, ọmọ mi. Àmọ́ bí ó bá kan ilẹ̀, ikán á ti bá a kí òru kẹta tó pé. Tapólì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá wá di àbà tàbí gbọ̀ngàn, níbi tí ẹ kò ní ru ẹrù jìnnà, àpò koríko ló ṣì rọ ẹ̀gbẹ́ lọ́rùn jù.

Ọmọ_Ẹkìnrìn
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò sún un sí oṣù kẹjọ? Ìgbà yẹn náà tutù. Omi wà nínú odò, koríko tútù, kò sí iná ìgbẹ́, kò sí eruku. Òjò sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀.

Tíṣà_Ìsánlú
Ìdáwọ́dúró yẹn kò ṣeé gbọ́kàn lé lápá ibí bíi ti etí òkun, àbúrò. Òtútù òjò kò sì jọ ti ọyẹ́. Aṣọ tó bá tutù nígbà ọyẹ́, wákàtí kan ló fi máa gbẹ. Ní oṣù kẹjọ, ó lè má gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara tó wà nínú aṣọ tútù ń pàdánù ooru kíákíá, bí ìwọ̀n ooru kò tiẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀. Àpáta ń yọ̀, ọ̀nà oko ń gbé mọ́tò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lo ìgbà òjò láìka èyí sí, kí ó yẹra fún oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹwàá lórí òkè, ìgbà náà ni àrá máa ń sán jù. Ibi tó ga, tó dá dúró, kì í ṣe ibùsùn nígbà tí àrá bá ń kù.

Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú rẹ pé ọ̀rọ̀ omi rọrùn ní oṣù kẹjọ.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò omi yẹn, nítorí bágì 6 kò ní tó wọn. Ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ńtílítà 50, ọ̀rá 20 ló wà nínú bágì, lítà 10 nìyẹn. Bágì 6 jẹ́ lítà 60. Ẹ pín in fún èèyàn 12 fún ọjọ́ 3, kò pé lítà 2 fún ẹnì kan lójúmọ́, ẹ kò sì tíì se oúnjẹ. Lítà 5 ni kí ẹ kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún mímu, sísè àti fífọwọ́. Lítà 180 ni gbogbo rẹ̀. Ọyẹ́ ń fa omi ara láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀, òùngbẹ kì í sì í gbẹni nítorí òtútù. Ìtọ̀ tó bá pọ́n, omi ló fẹ́.

Ẹni tí jẹ̀nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, gbọ̀ngàn ni kó sùn, kì í ṣe orí òkè. Òtútù àti àìmomi ló máa ń fa ìrora egungun fún un. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma), kí ínhélà rẹ̀ wà lápò ara rẹ̀, kó má sí nínú ẹrù. Kí ó bo imú rẹ̀ tí eruku bá pọ̀. Òrí fún ètè àti gìgísẹ̀ kí wọ́n má sán, ẹ fi díẹ̀ sí inú ihò imú pẹ̀lú, kó má baà máa ṣẹ̀jẹ̀.

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ: ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má de okùn mọ́ ọn. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ó tó wú, ẹ fi igi gbá apá tàbí ẹsẹ̀ náà mú kí ó má mì, ẹ gbé ẹni náà, kí ó má fẹsẹ̀ rìn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti pe ọsibítù tó sún mọ́ yín jù, ẹ bèèrè bóyá oògùn oró ejò wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Bí kò bá sí, ẹ bèèrè ibi tó wà.

Ọdẹ_Bùnú
Ìṣirò Nọ́ọ̀sì pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe píọ́ wọ́tà ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Bágì 11 fún mímu, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́ta fún oúnjẹ. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kan kún un fún iná nìkan, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ abọ́. Omi tó kù sínú kòtò odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màlúù ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é títí á fi hó yaya.

Brigade_Mọ̀pà
Ẹ kò nílò kẹ́ẹ̀gì odindi fún iná, bàbá. Yẹ̀pẹ̀ tó láti fi pa á.

Ọdẹ_Bùnú
Rárá o, ọmọ mi. Ẹyin iná tí èèyàn fi yẹ̀pẹ̀ bò máa ń pọ́n nísàlẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀fúùfù á fẹ́ yẹ̀pẹ̀ kúrò, á sì gbé ẹ̀ta rẹ̀ lọ sínú koríko nígbà tí ẹ ti lọ sílé. Ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó, ẹ tún da omi sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn, bí ooru bá ṣì ń ti ibẹ̀ wá, ẹ má kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá a, ẹ ro ilẹ̀ mítà 3 yíká títí ẹ fi kan yẹ̀pẹ̀ pupa, kí iná má tóbi ju adògán méjì lọ. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn àgọ́ ni kó wà, ó kéré tán mítà 6, kí ẹ̀fúùfù lè gbé ẹ̀ta lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Òkúta inú odò, ẹ má fi ṣe ààrò. Omi tó wà nínú rẹ̀ á gbóná, òkúta á bẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀fúùfù bá le, ẹ má dáná igi rárá. Ẹ jẹ gààrí.

Ọmọ_Ìyàrá
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ní ká pín in ńkọ́: òru àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn, òru méjì tó kù nínú àgọ́ lórí ilẹ̀ tó ti jó?

Ìyá_Ẹlẹ́ní_Kàbà
Èmi ì bá ní kí ẹ sun gbọ̀ngàn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí ààbò, ṣùgbọ́n èyí náà dáa. Kí ẹ mọ̀ pé sìmẹ́ńtì tutù ju ilẹ̀ lásán lọ, páálí yín ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí gíláàsì fèrèsé bá ti fọ́, ẹ fi tapólì dí ìhà àríwá, ẹ fi ìhà kejì sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹ wo àjà pẹ̀lú, bí àdán bá wà níbẹ̀, abẹ́ ibòmíràn ni kí ẹ tẹ́ ẹní sí.

Tíṣà_Ìsánlú
Òru àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn bọ́gbọ́n mu. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ gòkè lọ pàgọ́, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. Ní àkókò yẹn oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo 6:30, òkùnkùn á sì dé kíákíá. Ẹ ti gbọ́dọ̀ ta àgọ́, ro ojú iná, kó igi jọ, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ ṣáájú agogo 5. Oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo 6:50 àárọ̀, wákàtí tó ṣáájú rẹ̀ ló sì tutù jù. Ẹ ti rọ omi gbígbóná sínú fíláásìkì láti alẹ́ ná, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n dáná nínú òkùnkùn.

Brigade_Mọ̀pà
Ẹ ta àwọn àgọ́ náà nílé kí ẹ tó gbé wọn lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àgọ́ tí wọ́n ń yá fúnni, ọ̀pá rẹ̀ kan sábà máa ń ti ṣẹ́, tàbí kí síìpù rẹ̀ má pa dé. Ẹ mú páìpù irin kékeré kan dání tí ọ̀pá lè wọ inú rẹ̀, gígùn ìka méjì tó, àti téèpù. Síìpù tí eruku ti wọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wá fi àbẹ́là pa á lẹ́yìn náà. Ẹ má fi òróró sí i, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn.